Etí Ni Ẹ̀rù Ń Gbà Wọlé

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo fíìmù láì lajú. Pálọ̀ aládùúgbò wa kan ní Ẹdúnàbọ̀n ni, torí òun nìkan ló ní fídíò ní sàkáání wa. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń jókòó sí lórí ẹní. Bí eré bá ti dé ibi tó le, màá fa etí ìró ìyá mi, màá fi bojú, màá sì rò pé mo ti bọ́. N kò bọ́. Ohùn ẹni tó ń pọfọ̀, igbe ẹni tí wọ́n ń lé nínú igbó, ẹ̀rín ìyá arúgbó kan tí a kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ló ń tọ̀ mí wá lábẹ́ aṣọ. Yorùbá pe aṣọ tí obìnrin ń ró mọ́dìí ní ìró, ó sì pe ohun tí etí ń gbọ́ ní ìró. Mo ti fi ìró kan bojú, ìró kejì ń gba etí wọlé. Ohun tí mo ń fojú inú rí lábẹ́ aṣọ yẹn burú ju ohunkóhun tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Láti ìgbà náà, mo ti wo fíìmù abanilẹ́rù tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, ti Yorùbá, ti Íbò, ti Gánà, ti Amẹ́ríkà, ti Jàpáànù. Àwọn ará ilé mi mọ̀ mí mọ́ ọn. Àbúrò mi ọkùnrin a máa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni?" Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, ìdí tí mo fi ń wò ó nìyẹn. Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó fún irú eré bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan pàtó. Àwọn kan ń pè é ní fíìmù oògùn, àwọn mìíràn ní fíìmù àjẹ́; bó bá jẹ́ ti òyìnbó, a ní fíìmù òkú tàbí fíìmù iwin. Orúkọ yòówù kó jẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣa èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, etí ni mo fi ń ṣà wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Ọ̀dà pupa ni, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí, eyín gígùn, ojú tí wọ́n fi ẹfun kùn, bí èèyàn bá rí i lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ á mọ́ ọn lára. Ohùn ní tirẹ̀ kì í mọ́ni lára bọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe fíìmù ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí Orò bá jáde, inú ilé ni obìnrin ń wà. Kò gbọdọ̀ rí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ohùn yẹn á wá láti ọ̀nà jínjìn, á sún mọ́, á gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, obìnrin tó wà nínú yàrá á sì fi ohùn nìkan mọ bí ohun tó ń lọ náà ti tóbi tó. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí a kò rí ni a ń bẹ̀rù jù. Wọn kò nílò kámẹ́rà láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí fíìmù tí mo fẹ́ràn kí n tó wò ó. Ayé ni, ti Hubert Ogunde, tó jáde ní 1979. Bàbá mi wò ó ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sinimá wá sí gbọ̀ngàn kan, nítorí bí àwọn ọ̀gá tíátà ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn: wọ́n á gbé fíìmù wọn rìn láti ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé rìn tẹ́lẹ̀. Bàbá mi kò gbàgbé rẹ̀ títí tó fi jáde láyé. Ní alẹ́ tí kò bá sí iná, ó máa ń sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń pàlọ́. Ọ̀ṣẹ́túrá babaláwo, tí Ogunde fúnra rẹ̀ ṣe, dojú kọ àwọn àjẹ́ tí wọ́n ń ba ìlú jẹ́. Ọmọ Ifá yóò ti mọ̀ pé odù ni orúkọ yẹn, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn hùmọ̀. Bàbá mi á ki ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, á dákẹ́, á jẹ́ kí a gbọ́ kíríkítì àwọn kòkòrò níta, lẹ́yìn náà ló máa ṣe ohùn ìyá àjẹ́. Bí mo bá fẹ́ tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi kí ẹnìkan sìn mí dé ẹ̀yìnkùlé.

Mo ti dàgbà kí n tó rí fíìmù náà fúnra mi. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ti bàbá mi ju ti Ogunde lọ. Àwòrán ti ṣá. Èèyàn á wà lójú kan, á sì pòórá lójijì. A mọ̀ pé gígé ni wọ́n gé fíìmù níbẹ̀ tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ tí ìlù wọlé, ara mi dìde. Láti àárín àwọn ọdún 1940 ni Ogunde ti ń kó ẹgbẹ́ tíátà kiri, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń bá a ṣeré. Ẹni tó ti fi ohùn mú èrò inú gbọ̀ngàn fún ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ẹ̀rù ń sùn sí. Ola Balogun ló bá a darí Ayé. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Freddie Goode ló sì darí ìyẹn. Mo wo méjèèjì, Ayé ni mo yàn.

Èyí tó tẹ̀lé e lọ́kàn mi, ẹ̀yìnkùlé wa ló ti wá. Mike Bamiloye, tó dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀ ní 1985, kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìpetumodù. Ẹni tó bá mọ Ẹdúnàbọ̀n mọ̀ pé ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé Ìpetumodù láti ọ̀dọ̀ wa. Ilé-Ifẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe ibùdó. Nígbà tí Àgbára Ńlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwa kò gbà á bí eré tó wá láti ìlú òkèèrè. Igbó inú rẹ̀ jọ igbó wa. Yorùbá tí wọ́n ń sọ kò yàtọ̀ sí tiwa. Abúlé tí agbára òkùnkùn ti gbà mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́, àwa ọmọdé ti pinnu pé ó wà ní ẹ̀yìn odò kan tí a mọ̀, kò sì sí àgbàlagbà tó lè yí wa lérò padà.

Ìṣáwùrú ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹni ibi inú eré náà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti kékeré. Ìgbín kékeré inú omi ni ìṣáwùrú. Ohun tútù ni, inú odò ni wọ́n ti ń ṣà á, àwọn àgbà a sì máa mú un wọ inú ìwúre nítorí ìtutù rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tí gbogbo abúlé ń sá fún? N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ìtàn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣe sí mi. Ṣáájú fíìmù yẹn, bí ìyá mi bá rán mi lọ pọn omi, mo máa ń ṣa ìkarahun ìṣáwùrú sínú àpò. Lẹ́yìn fíìmù yẹn, n kò fọwọ́ kàn án mọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló ba odò jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ohùn bá lè ṣe ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ sọ fún mi, iṣẹ́ kí ló kù fún àwòrán?

Àwọn ìjọ a máa fi Àgbára Ńlá hàn ní pápá. Wọ́n á ta aṣọ funfun sára igi méjì, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn, a ó sì jókòó sórí ilẹ̀. Ìwàásù ni eré náà, kò sì fi bò rárá: agbára Jésù ló borí níkẹyìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n fẹ́ràn fíìmù abanilẹ́rù ti òyìnbó a máa sọ pé ìwàásù ń pa ẹ̀rù. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìwàásù máa ń pa ẹ̀rù bí ẹni tó ń wàásù kò bá gba ọ̀tá gbọ́. Àwọn ará Mount Zion gba ọ̀tá wọn gbọ́ pátápátá, o máa ń gbọ́ ọ lóhùn wọn. Wọ́n ń ṣeré bí ẹni tó mọ̀ pé Ìṣáwùrú lè wà láàárín àwa tí a jókòó sórí ilẹ̀ yẹn.

Àmọ́ kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti di ohun ìjà tó ti àwọn eré oògùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ Àrélù fún mi kí n tó rí i, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí Jimoh Aliu, Àwòrò, ṣe ní àwọn ọdún 1980. Inú rẹ̀ ni Fádèyí Olóró ti di orúkọ tí ìyá fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Lẹ́yìn náà ni Kòtò Ọ̀run ti Yẹkínì Àjíléye dé, tòun ti Abíja tó ń pọfọ̀ nínú rẹ̀. Òyìnbó tó bá wo àwọn eré wọ̀nyí lè máa wòye pé kí ló dé tí ọkùnrin méjì dúró lójú kan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ síra wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì na ẹnikẹ́ni. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ń pọfọ̀ ń sọ orúkọ àbísọ nǹkan, ó ń sọ ohun tí nǹkan náà kò lè ṣe kó má ṣe láéláé, ó sì ń de ọ̀tá rẹ̀ mọ́ òfin yẹn. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo láàárín wa, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ó sì fi hàn bí orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n rán ewé náà ṣe máa ń bára wọn mu nínú ọfọ̀, sílébù sí sílébù.

A kò mọ ìyẹn ní pálọ̀ aládùúgbò wa, etí wa ló mọ̀ ọ́n. Bí Abíja bá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbólóhùn ń gbé ara wọn bí ìgbì omi, gbogbo pálọ̀ á dákẹ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà á dákẹ́. Mo rántí bàbá kan tó máa ń yọ fìlà rẹ̀ bí wọ́n bá ń pọfọ̀ nínú fíìmù, á gbé e lé orúnkún, á sì dé e padà bí ó bá parí. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kì í ṣeré. Ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń ṣeré."

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni mo gbé lọ sídìí àwọn fíìmù òyìnbó, òun ló sì là wọ́n yé mi. The Evil Dead ti Sam Raimi, tó jáde ní 1981, kún fún ẹ̀jẹ̀ débi pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kò rántí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Èmi ń rántí téèpù. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún dé ilé kan nínú igbó, wọ́n bá ẹ̀rọ téèpù nísàlẹ̀ ilé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo wa tó wò ó ní Ẹdúnàbọ̀n, ìyá mi nìkan ni inú bí. Ó ní, "Ta ló fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú téèpù?" Ẹ̀sùn tó fi kan ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tọ̀nà.

Bákan náà ni The Exorcist ti 1973. Linda Blair ni ọmọbìnrin tí ẹ̀mí òkùnkùn gbé wọ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, Mercedes McCambridge ló ni ín. Àgbà obìnrin ni wọ́n fi ohùn rẹ̀ sí ẹnu ọmọdé. Bí èèyàn bá pa ohùn fíìmù náà, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ló kù lórí ibùsùn. Mo ti dán an wò. Àánú ọmọ náà ló ṣe mí, ẹ̀rù kò bà mí rárá.

Ringu ti àwọn ará Jàpáànù wá dé bá mi nílé gan-an. Hideo Nakata ló darí rẹ̀ ní 1998. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà. Ẹni tó bá wò ó, fóònù rẹ̀ á dún, ọjọ́ méje ló kù fún un láyé. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni pé kó ṣe àdàkọ rẹ̀, kó fi han ẹlòmíràn. Ẹni tó dàgbà sídìí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń háyà kásẹ́ẹ̀tì yóò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ tí mo wò ó. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a wò ní kékeré, àdàkọ àdàkọ ni. Orúkọ ti pa rẹ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. A ń yá a lọ́wọ́ ẹni tó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a kò mọ ilé tó ti dé rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta gàrì ní Ẹdúnàbọ̀n. Ó pẹ́ kí n tó gbé e.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ni màá mú. Tunde Kelani darí rẹ̀ ní 1993, Kareem Adepoju tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Wándé ló kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ló sì ṣe Ọ̀tún. Ọ̀tún àti àwọn méjì kan ta ilẹ̀ àwọn òrìṣà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Àwọn méjèèjì kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku Ọ̀tún. Apá mẹ́ta ni fíìmù náà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè é ní eré ẹ̀rín, nítorí ìwà Ọ̀tún ń panilẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ fíìmù tó bà mí lẹ́rù tó o. Kò sí iwin tó ń fi eyín gígùn lé èèyàn nínú rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni, olóyè tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí, tó mọ̀ pé ikú ń bọ̀, tí kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láì jẹ́wọ́. Ẹ tẹ́tí sí mímí Bàbá Wándé nínú eré náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá pè é láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù wà nínú ohùn kan náà, o kò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ìlú wa wà. Ilé epo tó wà lójú ọ̀nà yẹn ti pọ̀ ju ti ìgbà èwe mi lọ dáadáa. Ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi ń pè ní igbó, ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ nísinsìnyí. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ́wọ́ alẹ́, tí mo rí iná funfun ilé epo tó mọ́lẹ̀ ganran-ganran láàárín òkùnkùn, tí kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, Ọ̀tún ni mò ń rántí.

Mo ní láti sọ ohun kan tí kò dùn mọ́ mi. Nínú agbo ilé wa, ìyá àgbà kan wà tó ń ta ẹ̀kọ. Ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Òun ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Lọ́dún tí fíìmù àjẹ́ wọ̀lú rẹpẹtẹ, àwa ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àjẹ́ ni. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nínú gbogbo fíìmù tí a wò, ẹni tó bá darúgbó, tó dá gbé, tó sì jẹ́ obìnrin, òun náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó pè mí ní oríkì mi: "Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́!" Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í dáhùn bí ohùn bá pe èèyàn lóru tí a kò rí ẹni tó ń pè. N kò dáhùn. Ó pè mí títí. Ìyá mi ló jáde láti ẹ̀yìnkùlé, tó kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Ìyá? Ẹ káalẹ́ mà." Ẹ̀kọ tó kù lọ́jà ló gbé wá fún mi. Mo gbọ́ nígbà tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá òun ṣẹ̀ mí.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Àwọn tó ń ṣe fíìmù abanilẹ́rù nílẹ̀ wa jẹ gbèsè lọ́dọ̀ àwọn ìyá arúgbó. Kí Kenneth Nnebue tó ṣe Living in Bondage ní 1992, ó ti náwó sórí fídíò Yorùbá, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi wà lára wọn, ti Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ní 1989. Ẹ wo àkọlé yẹn. Nínú ọjà fídíò wa láti kùtùkùtù, ìyá ni a ti ń fi dẹ́rù ba ara wa. Living in Bondage ló wá gba ọ̀nà mìíràn. Andy fi Merit ìyàwó rẹ̀ ṣe ètùtù owó, òkú Merit sì ń padà wá bá a. Níbẹ̀, obìnrin ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹni tó jí ẹ̀mí rẹ̀ gbé ni ẹ̀rù yẹ kó bà, òun náà ni ẹ̀rù sì bà. Mo fẹ́ràn fíìmù náà fún ìdí yìí bí n kò tilẹ̀ gbọ́ Íbò ju kí n kí èèyàn lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fíìmù nísinsìnyí náà ń gbìyànjú. The Figurine ti Kunle Afolayan, tí àwa ń pè ní Àràrọ̀mirẹ, jáde ní 2009: ère òrìṣà kan fún àwọn tó gbé e ní ọdún méje ire, ọdún méje ibi sì tẹ̀lé e, fíìmù náà sì parí láì jẹ́wọ́ bóyá òrìṣà ló ṣe é tàbí ọwọ́ èèyàn. Ojuju ti C. J. Obasi, ní 2014, kò náwó púpọ̀. Omi tó ti dọ̀tí ló sọ àwọn ará àdúgbò kan ní Èkó di òkú tó ń rìn. Ẹni tó ti pọn omi kànga rí lágbègbè tí ṣáláńgá sún mọ́ kànga kò ní rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun jà lé lórí ni ariwo. Wọ́n ti fi dùùrù àti ìlù kọ̀ǹpútà kún gbogbo àyè. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, gbọ̀ngàn! Bí ológbò bá kọjá, gbọ̀ngàn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́. Nígbà èwe wa, NẸ́PÀ a máa mú iná lọ láàárín ibi tó le jù nínú eré. Kí wọ́n tó wọ́ jẹnẹrétọ̀ síta, gbogbo wa, bí ogún èèyàn, á jókòó sínú òkùnkùn biribiri láì sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ àjàgbé kan ń gun òkè lọ lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Kò sí apá kan nínú fíìmù kankan tó bà mí lẹ́rù tó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Aládùúgbò wa tó ni fídíò ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń tún ilé ṣe lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fẹ́ da páálí kásẹ́ẹ̀tì kan nù. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi. Eéhù ti bo púpọ̀ nínú wọn. Mo gbé ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ kan lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó tú u, ó fi òwú àti ọtí nu orí rẹ̀, ó ní kí n má retí ohun púpọ̀. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń wo páálí yẹn, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ń bẹ ní ọgọ́ọ̀rọ̀ ilé káàkiri ilẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òjò ń rọ̀ sí, tí eku ń jẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn òṣèré tí wọ́n lo ìgbésí ayé wọn lórí rẹ̀ wà. Ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n wà ní yàrá ìkàwé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kí ló dé tí kò sí àyè fún kásẹ́ẹ̀tì?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ náà dé, mo ti kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Àwòrán ti lọ pátápátá; kìkì ojú funfun tó ń rọ̀ wìnnìwìnnì bí ìyẹ̀fun ló kù lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti fẹ́ pa á nígbà tí ohùn kan jáde, ó há díẹ̀, ó ń jó rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní láti ẹ̀yìn ògiri, "Ìṣáwùrú nìyẹn."

N kò dá a lóhùn. Ó gbé atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, ó wọlé, ó sì jókòó tì mí lórí ẹní. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò sẹ́ni tó tan iná nínú àwa méjèèjì.